Blaise Pascal: Onímọ̀ Ìṣirò Tí Ó Wá Ohun Tí Ojú Kò Rí

Orúkọ Pascal kì í ṣe àjèjì sí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì. Láti ọdún 1971 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé ti fohùn ṣọ̀kan láti fi orúkọ náà pe òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ tàbí omi ṣe ń tẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́ orúkọ náà. Díẹ̀ ni ó sì mọ̀ pé nígbà tí ó kú ní ọmọ ọdún 39, ìránṣẹ́ rẹ̀ bá ìwé kan tí a rán mọ́ inú aṣọ rẹ̀, èyí tí ó kọ nípa alẹ́ ọjọ́ kan tí Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ wò.

Ó yẹ kí a rántí ọkùnrin yìí lásìkò tí a wà yìí, nítorí oríṣi ènìyàn méjì ni ó pọ̀ nínú ìjọ. Àwọn kan wà tí wọn kì í béèrè ohunkóhun. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ pé òun rí ìran, tàbí pé arọ kan rìn, wọn a ti hó ìhó ayọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá òtítọ́ ni. Àwọn mìíràn sì wà, pàápàá láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé, tí wọ́n gbà pé ohun tí ojú kò bá rí, tí a kò sì lè gbé ka orí òṣùwọ̀n, kò sí rárá. Ìgbésí ayé Blaise Pascal ní ọ̀rọ̀ láti bá ìhà méjèèjì sọ. Ó mọ bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè títí dé gbòǹgbò, ó sì mọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀.

Ọmọ tí a kó ìwé ìṣirò pamọ́ fún

Ìlú Clermont ní ilẹ̀ Faransé ni a bí Blaise Pascal sí, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1623. Bàbá rẹ̀, Étienne Pascal, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó orí, ó sì tún jẹ́ onímọ̀ ìṣirò. Ìyá rẹ̀, Antoinette Begon, kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún 3. Ọmọ mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀: Gilberte tí ó jẹ́ àgbà, Blaise, àti Jacqueline tí ó jẹ́ àbíkẹ́yìn. Bàbá wọn kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ní ọdún 1631 ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Paris, ó sì ń kọ́ wọn fúnra rẹ̀ nínú ilé. Blaise kò fi ọjọ́ kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rí.

Bàbá yìí fẹ́ kí ọmọ náà kọ́kọ́ mọ èdè Látìn àti èdè Gíríìkì dáadáa, nítorí náà ó kó gbogbo ìwé ìṣirò pamọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò bá jẹ́ Àṣàmú, kékeré ni í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú. Gilberte ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí Blaise wà ní ọmọ ọdún 12, bàbá wọn ká a mọ́ ibi tí ó ti ń fi èédú ya àwòrán sí ilẹ̀ yàrá. Ó ń wá ìdí rẹ̀ tí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú àwòrán onígun mẹ́ta, bí a bá pa wọ́n pọ̀, fi ń jẹ́ iye kan náà nígbà gbogbo. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú bàbá, ó sì kó àwọn ìwé náà jáde fún un.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ó ti kọ ìwé kékeré kan tí ó ya àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìlú Paris lẹ́nu. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ìlú Rouen láti ṣètò owó orí níbẹ̀. Ọmọ náà rí bí bàbá rẹ̀ ti ń jókòó ti ìṣirò títí di òru, ó sì káàánú rẹ̀. Ní ọdún 1642 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ kan tí ó ní àwọn àgbá kéékèèké tí ń yí, tí ó lè ṣe àròpọ̀ àti àyọkúrò láìsí pé ènìyàn ń rò ó lórí. Àwọn tí ń kọ ìtàn kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé láti dárúkọ ẹ̀rọ náà.

Ohun tí a kò rí, tí ó sì wúwo

Ní ọdún 1646, ìròyìn kan láti ilẹ̀ Ítálì dé Rouen. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Torricelli ti mú ọ̀pá gíláàsì tí orí rẹ̀ kan dí, ó rọ mẹ́kúrì kún inú rẹ̀. Mẹ́kúrì yìí ni irin olómi tí ń dán bíi fàdákà, tí ó máa ń wà nínú ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìgbóná ara láyé àtijọ́. Torricelli wá dojú ọ̀pá náà dé inú àwo kan tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Mẹ́kúrì inú ọ̀pá wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dà tán. Ó dúró ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 76, àyè kan sì ṣófo lókè rẹ̀. Kí ni ó wà nínú àyè náà? Ta ni ó sì gbé mẹ́kúrì dúró?

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìdáhùn tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ àwọn àgbà láti ìgbà Aristotle. Wọ́n ní òfìfo kò lè sí láyé, nítorí pé ìṣẹ̀dá kórìíra rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgbà ni ó sọ ọ́, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Pascal kò bú àwọn àgbà, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀rọ̀ wọn láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣe àwọn ọ̀pá gíláàsì tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 46, ó rọ omi sínú òmíràn, ó rọ wáìnì sínú òmíràn, ó sì ṣe é ní gbangba níwájú àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1647 ó tẹ ohun tí ó rí jáde nínú ìwé.

Àlùfáà kan tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé, Étienne Noël, kọ̀wé láti ta kò ó. Nínú èsì tí Pascal fún un, ó gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ó ní kí a má ṣe fi ìdánilójú sọ ohunkóhun àfi èyí tí ó hàn kedere sí ojú tàbí sí làákàyè, tàbí èyí tí ó ti inú irú ohun bẹ́ẹ̀ jáde. Ìyókù, kí a fi sílẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ó ya ohun kan sọ́tọ̀, èyíinì ni àwọn àṣírí ìgbàgbọ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ fúnra rẹ̀ fi hàn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí à ń wọn nínú ọ̀pá gíláàsì. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà, ó sì ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn méjì kì í lo kọ́kọ́rọ́ kan náà.

Pascal rò ó pé bí ó bá jẹ́ pé ìwúwo afẹ́fẹ́ ni ó ń ti mẹ́kúrì sókè, a jẹ́ pé lórí òkè gíga, níbi tí afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè orí kò pọ̀ tó ti ìsàlẹ̀, mẹ́kúrì náà yóò wálẹ̀. Ara rẹ̀ kò le tó láti gun òkè, nítorí náà ó ránṣẹ́ sí Florin Périer, ọkọ Gilberte, tí ń gbé ní Clermont nítòsí òkè ńlá kan tí à ń pè ní Puy de Dôme. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1648, Périer àti àwọn àlùfáà pẹ̀lú àwọn ènìyàn pàtàkì ìlú náà bọ́ sọ́nà. Wọ́n fi ọ̀pá kan sílẹ̀ nínú ọgbà ilé àwọn mọ́ńkì ní ìsàlẹ̀, mọ́ńkì kan sì jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò yí padà. Wọ́n gbé èkejì gun òkè, mẹ́kúrì inú rẹ̀ sì wálẹ̀ ju ínǹṣì mẹ́ta lọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n tún un ṣe lórí òkè náà, nínú ilé àti ní ìta, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èèṣì ni.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹja ṣe ń gbé ìsàlẹ̀ odò ni gbogbo wa ṣe ń gbé ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́, tí ó ń tẹ̀ wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tí ó rí i. Ẹni tí ó bá ní ohun tí òun kò fi ojú rí kò sí, irọ́ ni ó ń pa nípa afẹ́fẹ́ tí ó ń mí sínú. Ẹni tí ó sì gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà láìyẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ti ṣìnà nípa afẹ́fẹ́ kan náà. Iyèméjì tí ń ṣe àyẹ̀wò ni ó tú àṣírí ohun àìrí.

Ọkàn tí ó gbẹ

Ìdílé Pascal jẹ́ ọmọ Ìjọ Kátólíìkì láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ wọn kò jinlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1646, bàbá wọn yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ní Rouen, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí wọ́n mọ iṣẹ́ títo eegun wá tọ́jú rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì lò nínú ilé náà. Ẹni ìwà-bí-Ọlọ́run ni àwọn méjèèjì. Bí wọ́n ti ń to eegun bàbá ni wọ́n ń fi ìwé àti ìwà wọn kọ́ àwọn ọmọ. Blaise ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ wọ̀ lọ́kàn, òun ni ó sì fa àwọn yòókù.

Ṣùgbọ́n iná yìí kò jó pẹ́ nínú rẹ̀. Bàbá wọn kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1651. Ní oṣù kìíní ọdún 1652 Jacqueline, àbúrò rẹ̀ tí ó fẹ́ràn jù lọ, wọ ilé àwọn sísítà ní Port-Royal, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Blaise bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró ti òun. Nígbà tí ilé dá, Blaise bá àwọn ọlọ́rọ̀ rìn, àwọn tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́, tí wọn kò sì ka ọ̀rọ̀ ìsìn sí. Láti inú ìbéèrè tí ọ̀kan nínú àwọn atatẹ́tẹ́ wọ̀nyí bi í ni òun àti Pierre de Fermat ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1654, ẹ̀ka ìṣirò tí a fi ń mọ bí ó ti ṣeé ṣe tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Orí ìmọ̀ yẹn ni iṣẹ́ ìbánigbófò dúró lé títí di òní.

Òkìkí rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo. Ní ìparí ọdún 1654 ó ń lọ bẹ Jacqueline wò lemọ́lemọ́. Jacqueline kọ̀wé sí Gilberte pé ayé ti sú ẹ̀gbọ́n àwọn, síbẹ̀ kò rí ohun tí ń fà á sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ kíyè sí i pé orí rẹ̀ gbà pé Ọlọ́run wà. Ọkàn rẹ̀ ni ó dákẹ́. Àwọn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Wọ́n mọ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ sórí, wọ́n ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ṣùgbọ́n nínú yàrá wọn kò sí ohùn kankan.

Alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1654, láti nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ títí di nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí Pascal. Kò ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a mọ̀ ni èyí tí ó kọ sínú ìwé ní gbólóhùn kúkúrú-kúkúrú, bí ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ tí ó tó. Ó dárúkọ iná. Ó dárúkọ Ọlọ́run àwọn baba ńlá Ísírẹ́lì, ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọlọ́run tí àwọn onímọ̀ ń fi àríyànjiyàn gbé kalẹ̀. Ó kọ nípa ìdánilójú, nípa ayọ̀ àti omijé, nípa Jésù Kristi tí òun ti sá fún, tí òun kò sì gbọ́dọ̀ yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin tí ó wọn afẹ́fẹ́ lórí òkè kò rí òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn wákàtí méjì yẹn, ṣùgbọ́n kò torí bẹ́ẹ̀ sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Ẹ sì wo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kò tẹ ìran rẹ̀ jáde. Kò pe ara rẹ̀ ní wòlíì, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Ó dà á kọ sórí awọ, ó rán an mọ́ inú aṣọ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, yóò tú u, yóò sì rán an mọ́ òmíràn. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ títí ó fi kú.

Ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ san

Gilberte ní ọmọbìnrin kan, Marguerite Périer, tí ń kàwé lọ́dọ̀ àwọn sísítà Port-Royal ní Paris. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ tí egbò kan fi wà ní igun ojú òsì ọmọ náà, tí ó ń ṣọyún, tí ó sì ń rùn débi pé wọ́n ní láti yà á sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ yòókù. Àwọn dókítà ti ṣe títí, ó kù kí wọ́n fi irin gbígbóná jó o. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1656, nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún 10, a gbé ẹ̀gún kan tí wọ́n gbà pé ó wá láti ara adé ẹ̀gún Olúwa wá sí ilé-ìsìn àwọn sísítà. Bí àwọn ọmọ ti ń kọjá níwájú rẹ̀, sísítà tí ń tọ́jú wọn fi ẹ̀gún náà kan ojú Marguerite. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ náà ní kò dun òun mọ́.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí àwọn àlùfáà wa ronú sí. Àwọn sísítà kò lu agogo. Wọ́n dúró kí dókítà oníṣẹ́-abẹ tí ó mọ egbò náà tẹ́lẹ̀ padà wá wò ó. Nígbà tí ó dé, ó tẹ ibẹ̀, ó wo imú àti òkè ẹnu ọmọ náà, kò rí àmì àìsàn kankan. Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ní oṣù kẹrin. Àwọn àlùfáà àgbà tí wọ́n ń bójú tó àgbègbè ìjọ Paris gbọ́ ẹ̀rí, wọ́n sì wádìí, ó sì di ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó kéde pé iṣẹ́ ìyanu ni. Nǹkan bí oṣù méje ni ó wà láàrin ìwòsàn àti ìkéde. Marguerite wà láyé títí di ọdún 1733.

Inú Pascal dùn gidigidi, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ gbà lọ́wọ́ níbi ìsàmì. Ṣùgbọ́n òun pàápàá jẹ́ aláìsàn láti ìgbà èwe rẹ̀. Orí fífọ́ àti inú rírun kò jẹ́ kí ó sinmi, kò sì sí ẹ̀gún tí ó wo òun sàn. Kò bínú sí Ọlọ́run nítorí èyí, kò sì sọ pé irọ́ ni ti Marguerite. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kọ àdúrà kan tí ó fi bẹ Ọlọ́run pé kí Ó kọ́ òun bí a ṣe ń lo àìsàn fún rere. Ẹni tí ó lè gba iṣẹ́ ìyanu tí a ṣe fún ẹlòmíràn gbọ́, nígbà tí tirẹ̀ kò dé, ìgbàgbọ́ onítọ̀hún ti kọjá ti ọmọdé.

A kò ní sọ pé Pascal kò ní àléébù. Láàrin ọdún 1656 àti 1657 ó kọ àwọn lẹ́tà 18 láti gbèjà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Port-Royal lọ́wọ́ àwọn Jesuit nínú ìjà ẹ̀kọ́-ìsìn tí ó gbóná nígbà náà. Ahọ́n rẹ̀ mú nínú àwọn lẹ́tà náà, ó sì fi àwọn alátakò rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ìjọ fi òfin de kíka àwọn lẹ́tà náà ní ọdún 1657. Síbẹ̀ kò kúrò nínú Ìjọ títí ó fi kú, àti ní ọdún 2023, tí ó pé 400 ọdún tí a bí i, Póòpù Francis kọ lẹ́tà pàtàkì láti fi yẹ́ ẹ sí.

Ìwé tí kò parí

Lẹ́yìn ìwòsàn Marguerite, Pascal bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò jọ fún ìwé ńlá kan tí yóò fi bá àwọn oníyèméjì sọ̀rọ̀. Àìsàn kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Àwọn àjákù ìwé tí ó kọ èrò rẹ̀ sí ni àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tò pọ̀, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1670. Pensées ni orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé, èyíinì ni àwọn èrò.

Ibi tí ó lókìkí jù nínú rẹ̀ ni ibi tí ó ti fi èdè àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ atatẹ́tẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní làákàyè nìkan kò lè parí ọ̀rọ̀ bóyá Ọlọ́run wà tàbí kò sí, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó máa wòran, nítorí bí ènìyàn ti ń gbé ayé rẹ̀ ni ó ti fi yan ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi ayé rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, bí Ọlọ́run bá wà, èrè tí kò lópin ni tirẹ̀. Bí kò bá sí, kí ni ó pàdánù? Àwọn kan fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dàbí òwò. Ṣùgbọ́n wọn kò kà á dé òpin. Oníyèméjì inú ìwé náà dáhùn pé òun gbà pé ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n òun kò lè gbàgbọ́. Pascal kò bú u, kò sì kó àríyànjiyàn mìíràn lé e lórí. Ó ní kí ó gba ọ̀nà tí àwọn tí ó ti gbàgbọ́ gbà, kí ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó wà níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, kí ó sì jọ̀wọ́ àwọn ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tí ó bò ó lójú. Ìdènà náà kò sí nínú ọpọlọ. Inú ọkàn ni ó wà.

Ní ibòmíràn ó pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ti rí Ọlọ́run, wọ́n sì ń sìn ín. Àwọn kan kò tí ì rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá a. Àwọn ìyókù kò rí i, wọn kò sì wá a. Àwọn tí ó wà láàrin yẹn, Pascal bọ̀wọ̀ fún wọn, ó sì káàánú wọn. Àwọn tí kò bìkítà ni ọ̀rọ̀ wọn bà á lẹ́rù. Ó gbà pé Ọlọ́run fi ìmọ́lẹ̀ tí ó tó sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ ríran, kò sì fi ipá la ojú ẹni tí ó di tirẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Jacqueline kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1661. Ní oṣù kẹta ọdún 1662, Pascal àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin sílẹ̀ ní Paris, tí ń gba ojú ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, tí a lè fi owó díẹ̀ wọ̀. Ó sì fẹ́ kí èrè tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tálákà. Nínú ilé tirẹ̀ ni ó gba ìdílé tálákà kan sí. Nígbà tí ọmọ wọn kan ṣàìsàn ìgbóná, tí ìbẹ̀rù kó ràn án sì dé, kò lé wọn jáde. Òun ni ó kó jáde fún wọn, ó sì lọ sílé Gilberte. Níbẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1662, a sì sin ín sínú ilé-ìsìn Saint-Étienne-du-Mont ní Paris.

Ohun tí ó yẹ kí a mú lọ

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwa tí a wà lórí pẹpẹ. Bí a bá mú ẹlẹ́rìí wá sí iwájú ìjọ pé Ọlọ́run wò ó sàn, ẹ jẹ́ kí a ní sùúrù láti béèrè. Ta ni ó mọ àìsàn náà tẹ́lẹ̀? Kí ni dókítà rí? Ṣé ara onítọ̀hún ṣì yá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Àyẹ̀wò kò bu Ọlọ́run kù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ní ọjọ́ tí ó bá sì bá a, orúkọ Olúwa ni àwọn kèfèrí yóò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ má sì jẹ́ kí a sọ fún aláìsàn tí kò tí ì rí ìwòsàn pé àìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó fà á. Àìsàn Pascal kò san, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì kéré.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ́ ti àwọn òbí àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí ọmọ bá béèrè pé báwo ni a ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run wà, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Abèèrè kì í ṣìnà. Tọ́másì ṣiyèméjì, Olúwa kò lé e. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí i. Ọmọ tí a bá lé nítorí ìbéèrè yóò gbé ìbéèrè náà lọ síbi tí a kò ti ní dá a lóhùn nípa ti Ọlọ́run mọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta jẹ́ ti ìwọ tí o ń ṣiyèméjì. Yẹ ohun gbogbo tí ó ṣeé yẹ̀ wò wò, má sì bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ pé ohun tí kò wọ inú ọ̀pá gíláàsì rẹ kò sí. O kò rí afẹ́fẹ́, síbẹ̀ ó gbé ọ ró. Fi ilẹ̀kùn ọkàn rẹ sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí o sì máa wá a, nítorí Pascal pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ dúró títí di ọmọ ọdún 31 kí alẹ́ ọjọ́ yẹn tó dé.

Kí Olúwa tí ó la ojú Pascal la ojú wa, kí Ó fún ìjọ rẹ̀ ní ẹ̀mí ìfòyemọ̀, kí Ó sì fi ara rẹ̀ hàn fún gbogbo ẹni tí ń wá a pẹ̀lú òtítọ́. Àmín.